Ife Tí Wọ́n Ń Gbé fún Pásítọ̀

Àrínọlá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé kan ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ kan bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní "formal". Ó ní ohun tí a bá ń ṣe tìlànà-tìlànà ni, tí àyè wà láàrin ẹni méjì, bí ìgbà tí èèyàn kọ̀wé sí ọ̀gá tí kò mọ̀ rí. Àlàyé náà dára. Kò tíì kan òun fúnra rẹ̀ ni.

Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Òkukù, kí ìyá Olúwajùwọ́n, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, lè rí i. Bí màmá bá ní àwọn ò gbà, ọ̀rọ̀ bùṣe, nítorí Jùwọ́n kì í kọjá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Àrínọlá gidi.

Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí màmá fi ní, "Ẹ dìde, tíṣà. Ẹ jókòó, ẹ má dààmú." Wọ́n gbé omi wá nínú ife tó ń dán, wọ́n gbé iyán àti ẹran ńlá kalẹ̀, wọ́n tan fáànù, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Jùwọ́n tó jókòó tì í ń rẹ́rìn-ín. "O ò rí i bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ? Pásítọ̀ wa tó ń ti Inísà wá nìkan ni wọ́n ń gbé ife yẹn fún."

Ọkùnrin náà ríran, àmọ́ kò rí nǹkan kan. Àrínọlá dá ẹran padà sínú abọ́. Àlejò tí a bá ń ṣe báyìí, a ti mọ̀ pé yóò padà sílé rẹ̀. Ó dùn ún dọ́kàn.

Ó kó abọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Màmá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, àlejò kì í fọ abọ́." Kò fi sílẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí, ó fọ abọ́ tán, ó fa ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ra. Màmá dúró, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìkòkò náà, wọ́n ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò nílé yín nìyẹn?"

Jùwọ́n gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó sáré jáde. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i."

"Ìwọ lọ jókòó." Màmá yí ìkòkò dojú dé. "Wo ìdí ẹ̀, Àrínọlá. Tí o bá kó dé ilé yìí tán, ṣé èmi ni màá máa tún ìkòkò fọ̀ lẹ́yìn ẹ?"

"Rárá, mà."

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó mú kànìnkàn, ó sì tún ìdí ìkòkò náà fọ̀.