Kúbùsù Méje Lórí Ọmọ Kan

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan kúbùsù yẹn, màá dá a lọ́wọ́!"

Mrika, ìyá ọkọ Dila, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti ibùsùn onígi kékeré tí wọ́n tẹ́ ọmọ tuntun tí Dila bí sí. Wọ́n ti fi ọ̀já de ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀ bí ìṣe ilé wọn, wọ́n sì da kúbùsù onírun àgùntàn méje bò ó kanrí. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń bo búrẹ́dì báyìí, ká má tíì wí èèyàn? Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ìdílé ló mú tiẹ̀ wá, torí ojú burúkú aráyé àti òtútù orí òkè tí wọ́n ń gbé. Tí ẹ bá yọ ti ẹnìkan kúrò, ẹ ti bú gbogbo ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí kì í wáá ṣe ekòló o, ejò náà gan-an ni. Lọ́dún tó kọjá, abẹ́ irú òkìtì kúbùsù yìí ni wọ́n ti gbé òkú àkọ́bí Dila jáde. Wọ́n ní ojú aráyé ló pa á. Dila ò gbà wọ́n gbọ́ rárá.

"Màmá, ẹyọ kan ti tó," ló wí. "Ẹyọ kan, kí ojú ẹ̀ sì wà níta."

"Ẹyọ kan? Ṣé ọmọ ajá ni? Ìwọ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún Dila dé ọkàn. Ó fa kúbùsù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sọ wọ́n gba ojú fèrèsé sínú yìnyín. Mrika fọ́ ọ létí. Dila náà gbá a lẹ́nu, eyín kan sì jáde.

Ndoka, ọkọ Dila, já wọlé. Kò bèèrè nǹkan kan, ó di irun ìyàwó rẹ̀ mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. "O lu ìyá mi? Ìyá mi, Dila?"

Ẹ̀jẹ̀ bo Dila lójú. Ó táràrà kan ààrò, ó fa ọ̀pá irin ìkoná yọ, iná ti sọ orí ọ̀pá náà di pupa yòò, ó fi la ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Egungun dún, ẹran jó, Ndoka ṣubú lulẹ̀, ó ń ké.

"Ẹ súnmọ́ mi wò!" Dila pariwo. "Ẹni tó bá tún bo ọmọ mi, màá pa á. Mo fi Ọlọ́run búra!"

Mrika ti fa àáké yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dila ò tiẹ̀ wò ó. Ó kọ̀yìn sí i, ó ká àwọn kúbùsù tó kù dànù. Ètè ọmọ náà ti dúdú, kò mí. Ó já ọ̀já, ó gbé e sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó húkọ́, ló bá figbe ta.

Àáké bọ́ lọ́wọ́ Mrika. Ó ń wo ètè ọmọ náà bó ṣe ń padà pọ́n.

"Bí àwọn tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn," ó wí. "Tí mo bá ṣí kúbùsù lórí wọn láàárọ̀."

"Màmá, ẹ dákẹ́," Ndoka wí nílẹ̀.

"Mẹ́rin, Ndoka. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ni mo bò wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dila ò ráyè bá a sunkún, ọmọ ń wá ọmú.