A Kì Í Ṣíwájú Bàbá Tóyìn

Ojú ọkọ mi ń kú lọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ìtàn. Glaucoma ni wọ́n pe àìsàn náà. Kì í jẹ́ kó rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, èyí tó wà níwájú náà sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà mọ̀, èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Ó ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa gbé òróró wálé. Tí Olúwatóyìn ọmọ wa bá gbọ́ ní Dallas, á wá gba kẹ̀kẹ́ tó ń gùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ní Houston níbí, ẹni tí kò bá lè wa mọ́tò, ilé ló ń gbé. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Sharpstown, kéèyàn tó ra búrẹ́dì, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní freeway ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò gba freeway mọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún mi, ó sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ìwàkuwà àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí ló sú òun. Gbogbo wọn ló gbà á gbọ́, torí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àga kan ní pálọ̀, ó dákẹ́. Ẹnjinníà tó ń pàṣẹ fáwọn tó ń wa epo lábẹ́ òkun, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan èmi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé orí àga yẹn ló máa kú sí.

Ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ ló jí i. Lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú yìí, ìjọba gbẹ́ àwọn adágún síbẹ̀ kí òjò má baà gbé ilé onílé lọ. Igbó wà láàárín àwọn adágún náà, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kánáàlì gba inú igbó kọjá, ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí sì ń bá etí omi lọ. Mọ́tò kan ò gbọdọ̀ débẹ̀. Kò sí iná pupa, kò sẹ́ni tó máa fọn fèrè mọ́ ọ, kò sì sí ohun tó máa yọ sí ọ láti ẹ̀gbẹ́. Ní gbogbo Sátidé, màá so kẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, màá wà wá dé ẹnu igbó. Bàbá Tóyìn á sọ̀ kalẹ̀, á dé akoto rẹ̀, á sì tún di èèyàn. Inú mi á dùn débi tí màá fi gbàgbé láti bínú, títí a ó fi gbéra.

Torí pé ọkọ mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun.

Nígbà táwọn ọ̀dọ́ Yorùbá àdúgbò gbọ́ pé Elder, oyè tí wọ́n ń pe ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń gun kẹ̀kẹ́, mẹ́ta nínú wọn dara pọ̀ mọ́ wa. Kamaldeen ló kọ́kọ́ dán an wò. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó bá wa jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fìrì, ó ní, "Good morning, sir," ó sì ń lọ. Ọkọ mi pè é padà, ó dá gbogbo wa dúró lábẹ́ igi, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ábúsálómù ọmọ Dáfídì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ títí omi mímu wa fi tán. Gym ni Kamaldeen ń lọ báyìí.

Ó wá ku Bọ̀wálé àti Azeezat. Bọ̀wálé ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Westchase. Itan rẹ̀ le bí ọmọ odó, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ọkọ mi gan-an ló máa ń wà, á rọra máa wà á bí ẹni tó gbé ẹyin dání, ìgbà mìíràn á tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kó má baà ṣubú. Azeezat ní tirẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì pẹ́ tó dé láti Ìbàdàn, apartment rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Nígbà kan, òun náà tọrọ àyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun fẹ́ kọjá. Ọkọ mi bi í pé, "Ibo lò ń lọ?" Ọmọ náà ronú títí, kò rí ìdáhùn, torí ọ̀nà náà ń yí po ni, ibi tá a ti gbéra la máa padà sí.

Kí a tó gbéra, ọkọ mi á gbàdúrà. Kókó àdúrà náà kì í yí padà: kí Olúwa ṣáájú wa bó ṣe ṣáájú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Ọlọ́run nìkan ló gbà fún.

Èmi ló máa ń kẹ́yìn. Èmi ni mo gbé omi, èmi ni mo gbé puff-puff, èmi ni mo gbé oògùn ojú rẹ̀ sínú àpò, mo sì fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀. Tó bá ti yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, mo mọ̀ pé ó ń wá ọ̀nà. Tí ọrùn náà bá gan, mo mọ̀ pé ó ti sọ ọ̀nà nù, agídí ló kù tó fi ń lọ.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ náà bí òjò Houston ṣe máa ń rọ̀. Kánáàlì ti kún, ó ti fà, ó sì ti gbé òkúta lọ níbi ìyànà kan. Ọ̀nà gidi yà sósì síbẹ̀, ó gun afárá onípákó. Ṣùgbọ́n àgbàrá ti la ọ̀nà tirẹ̀, ẹrẹ̀ dídán kan tó lọ tààrà, tó dà gẹ́lẹ́ sínú omi. Àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Mo wo ọrùn ọkọ mi. Ọrùn gan.

"Bàbá Tóyìn, ẹ yà sósì!" mo kígbe. Atẹ́gùn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Mo tún kígbe sí Azeezat tó wà níwájú mi pé kó sọ fún wọn, omi ni!

Azeezat kígbe sí Bọ̀wálé: "Bọ̀wálé abeg, Mummy say make Daddy enter left, ẹ jọ̀ọ́, water dey front o!"

Bọ̀wálé gbọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó tẹrí ba lórí kẹ̀kẹ́, ó ní: "Daddy, good morning once again, sà. Ẹ má bínú pé mò ń dá yín lọ́nà, sà. Mummy ni wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún yín pé, tí kò bá ní ni yín lára..."

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí ọkọ mi wọ omi.

Orí ìjókòó ló wà tó fi wọ̀ ọ́, kò tẹ bíréèkì rárá. Bọ̀wálé wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Bíréèkì ọmọ yìí lè dá ẹṣin dúró o. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé, ó ní òun rò pé ibi tí Daddy ń lọ nìyẹn. Azeezat dúró létí omi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Àwọn àgbà ní bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn á kọ́gbọ́n. Àwọn àgbà ò bá Bọ̀wálé gun kẹ̀kẹ́ rí. Lódìkejì kánáàlì, ọ̀nì kan tó ń yá oòrùn gbójú sókè, ó wò wá dáadáa, ó sì kúrò níbẹ̀.

Omi náà mu ọkọ mi dé ìbàdí. Ó dìde, ó tún akoto rẹ̀ ṣe.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó ni," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Bọ̀wálé dáhùn, koríko rọ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀. "Ó jìn, sà."

Ẹ̀rín ti dé ẹnu mi. Ìgbà náà ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ tó ń wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà yọ jáde lójú omi, kedere. Ó fọwọ́ wá a níwájú, ó fọwọ́ wá a lósì, ó ń ta omi káàkiri. Ọwọ́ rẹ̀ wá ba ti Bọ̀wálé, ó gbé e, ó sì ń tì í bọ̀ wá sórí ilẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gùn ún ló mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Ó dúró, ó di kẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ mú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn díẹ̀ lókè ìpéǹpéjú rẹ̀. Bọ̀wálé gbé kẹ̀kẹ́ àgbà jáde, ó rọra pààrọ̀ wọn. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un, sà," ló sọ.

Azeezat ti dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì ló fi ń wò ó báyìí. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mummy, Daddy ò ríran."

Mo lọ fi owú nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọkọ mi. Tí mo bá panu mọ́, iwájú náà ló máa tún lọ, kánáàlì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí dé ibi tí mọ́tò wà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Tóyìn á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ̀kẹ́ á lọ, ọkọ mi á sì padà sórí àga pálọ̀ yẹn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Láti ìgbà tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbígbẹ tó ń jẹ ìrẹsì àná láàárọ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn débi pé mo lè gé e jẹ.

"Ó yá, ká máa lọ," ó ní. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì kọjú síwájú, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀.

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Azeezat. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀wálé. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi tí mi ò sì dúró, mo gbọ́ tí Bọ̀wálé sọ pé, "Jésù."

"Ta nìyẹn?" ọkọ mi bèèrè.

"Èmi ni."

"Kí lò ń wá níwájú?"

"Mò ń lọ sílé."

"Padà sẹ́yìn, jọ̀ọ́. Ta ló ń..."

"Dọ̀tun."

Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ wa lórúkọ, mi ò pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́, Bàbá Tóyìn ni mò ń pè é, nínú ayọ̀, nínú ìjà, àti ní ọsibítù. Bọ̀wálé yíjú sí inú igbó bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.

"Dọ̀tun, mo fẹ́ kó o máa gun kẹ̀kẹ́ yìí títí ọjọ́ alẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ kó o kú lónìí. Tẹ̀ lé mi."

Mi ò dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Mo wa kẹ̀kẹ́ mi gun afárá, mo ń tẹ́tí. Ẹyẹ ni mo gbọ́, atẹ́gùn ni mo gbọ́. Mo ti kọjá afárá tán kí n tó gbọ́ táyà rẹ̀ lórí pákó.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Ihò, lọ́tùn-ún!" "Gbòǹgbò igi!" "Ẹrẹ̀ nìyí, ó ń yọ̀!" Kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láwọn ibi kan, màá gbọ́ tí táyà rẹ̀ kúrò lórí òkúta tó wọ koríko, á tún padà sórí òkúta. Ohùn mi ti ń ha. Àwọn ọmọ méjèèjì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò sì ṣíwájú rẹ̀.

A ti dé etí adágún tó kẹ́yìn kó tó lanu. Ohùn tó fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sọ ọ́, kí tèmi tàwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

"Aṣọ wo lo wọ̀?"

"Aláwọ̀ ewé ni."

"Wọ pupa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ewé ni gbogbo ibí, mi ò rí ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ tẹ̀ lé igi."

Bọ̀wálé ní, "Mo ní pupa nílé, sà. Mo lè yá Mummy, sà."

"Ta ló bi ọ́?" ọkọ mi wí.

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Omijé ti bò mí lójú, èmi alára ò fẹ́ẹ́ ríran mọ́. Mo fi apá aṣọ nu ojú kí n lè rí ọ̀nà.

"Ihò, lọ́wọ́ òsì!" mo kígbe.

"Mo ti gbọ́," ó dáhùn.