Òòyì Dídùn

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe fa bẹ́líìtì ààbò gba abẹ́ itan bàbá ìyàwó rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọn kò ṣe ní í já bọ́ láti orí òrùlé, tíṣà ti ní kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì, kí ẹnì kan yẹ bẹ́líìtì ẹnì kejì wò. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ òrùlé yòókù ti mú ẹnìkejì wọn. Àwọn àna méjì yìí nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Fà á kó le," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi ni mo gbé fún ọ, o gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Itan mi ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà nítòsí.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Bàbá ti ń kan páànù láìso okùn kankan mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti dá, nǹkan kan ti ń ṣe é tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti gòkè, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ lójú rẹ̀, igi òrùlé á máa mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbé e pọ̀n. Kò bà á lẹ́rù. Ó ń dùn mọ́ ọn ni.

Tíṣà náà kéré lọ́jọ́ orí sí ọmọbìnrin Bàbá, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Bí okùn bá gbà yín, kò tíì tán," ló wí. "Ẹni tó bá so rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí i lẹ́sẹ̀, oorun á máa kùn ún. Ẹ máa mi ẹsẹ̀ yín. Ẹ má sùn."

Nígbà tó kan Bàbá láti so rọ̀ wò, ó gun àkàbà dé orí pẹpẹ, tíṣà fi ìkọ́ kọ́ ọ mọ́ okùn, ó sì gbẹ́sẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Okùn gbà á. Ó so rọ̀.

Òòyì dídùn náà dé. Oòrùn ń ti àwọn páànù oníke funfun òkè wọlé, eruku ń fò kiri nínú rẹ̀ bí wúrà. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ń ká aṣọ nínú yàrá kan, ó ní kó má ti fèrèsé, atẹ́gùn náà dára. Kò tì í. Ó gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ mi ẹsẹ̀ yín, Bàbá," bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun dáhùn.

"Bàbá ti ń gbádùn ibẹ̀," ni ẹnìkan wí nísàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín dákẹ́.

Ọwọ́ kan di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti gun àkàbà, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, ó ń gbé e sókè kí tíṣà lè tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí, ó sì la ojú.

Wọ́n gbé e jókòó sílẹ̀. Tíṣà lóṣòó tì í. "Ṣé òòyì ti ń kọ́ yín tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá ò jẹun láàárọ̀ ni," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ yára dáhùn.

Bàbá wò ó. Àágùn bò ó lójú. Orí igi kan náà ni àwọn méjèèjì jọ máa ń dúró. Bí òun bá yẹ̀, ẹni yìí á nawọ́ mú òun, kò sì ní í fi òun sílẹ̀ títí àwọn méjèèjì á fi jọ já bọ́.

"Mo jẹun," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ mi, tíṣà. Ó ń dùn mọ́ mi ni mi ò ṣe sọ."

"Ẹ lọ rí dókítà, Bàbá. Títí di ìgbà tó bá gbà yín láyè, ẹ ò gbọdọ̀ gòkè."

"Ó dáa."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ sìn ín jáde síta. "Kí ni kí n sọ nílé?" ló béèrè.

"Má sọ nǹkan kan. Èmi ni mo máa sọ ọ́."

Bàbá yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Nǹkan wà díẹ̀," ló wí. "Wá ibi jókòó sí."