Ẹjọ́ Àwọn Tó Mọ Ọ̀rọ̀ Kí A Tó Sọ Ọ́

Àlá kan dé bá mi lóru àná. Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, ẹ má bá mi túmọ̀ rẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nínú àlá yìí, kíláàsì wa tọjọ́ Sátidé ni mo wà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ mọ eré tí mo máa ń fi kọ́ wọn. Ẹnì kan á mú páálí tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí, á ṣàlàyé ohun náà láìdárúkọ rẹ̀, ẹnì kejì á sì sọ ohun tó jẹ́. Orí odò ni kíláàsì náà wà, ó ń léfòó lọ díẹ̀díẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ládì, ọmọ tó wá láti Òkè Ọya, ló mú páálí. Ó kọjú sí Ekaete, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá láti Calabar, ó ní, "Èyí tí a wá títí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ìwọ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ekaete kò tilẹ̀ ronú. "Abẹ́rẹ́!"

Abẹ́rẹ́ ni lóòótọ́. Ara fu mí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé abẹ́rẹ́ nìyẹn? Kò sọ pé ẹnu rẹ̀ mú, kò mẹ́nu ba òwú, kò mẹ́nu ba aṣọ.

Ládì mú òmíràn. "Èyí tó jóná mọ́ ìkòkò lọ́jọ́ tí òjò rọ̀."

"Ẹ̀wà!"

Mo dìde. "Ẹ dúró ná! Ta ló ń fi páálí mi hàn yín?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà," ni Ekaete wí. "Yàrá kan náà la jọ ń gbé."

Mo ní irọ́ ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tó ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń jí i.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn páálí mi, èyí tí mo kọ ṣíbí sí, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tísà, èmi náà ti ń fura sí wọn tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú mi, wọn kì í sọ pé èmi ni wọ́n fi ń bu ọbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, 'Èyí tí Ládì gbé sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́.'" Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ṣíbí. Mo ti rí ẹlẹ́rìí.

Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ ni kíláàsì ti di ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì náà kò kan ilẹ̀, ojú òfuurufú ló wà, atẹ́gùn sì ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀gá kan jókòó lẹ́yìn tábìlì, ó wọ kóòtù, ó fi okùn so ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n má baà pínyà. Wọ́n ní òun ni Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Ẹnu.

"Tísà Olúgbóyè, kí ni ẹjọ́ rẹ?"

"Olè làwọn ọmọ yìí, sà. Wọ́n ń yọjú wo páálí."

"Bó bá jẹ́ òótọ́," ni ọ̀gá wí, "a ó gba gbogbo Yorùbá tí wọ́n ti kọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, tìrẹ la ó gbà."

"Tèmi tí mo mu mọ́ ọmú ìyá mi?"

"Àtèyí tó wà nínú ọmú. Wàá padà sílé láìní ohun tí wàá fi pe ìyàwó rẹ."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mi dá mi lójú. Mo ní kí wọ́n dán wọn wò.

Wọ́n fi gèlè di Ekaete lójú, wọ́n da bẹ́síìnì bò ó lórí, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ládì mú páálí, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ tó ń sùn, pé, "Ohun tí mo yá lọ́wọ́ rẹ tí n kò dá padà."

Láti inú kọ́bọ́ọ̀dù la ti gbọ́: "Òòyà!"

Ọ̀gá wo páálí. Òòyà ni.

"Ó yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́!" ni mo pariwo.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Bó ṣe ń mí ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Mo rò pé wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ni, mo bá dìde, mo ní, "Ẹ kú oríire, sà." Ó ní òun dúpẹ́, ó sì gé etí tábìlì jẹ.

"Ó kàn ọ́ wàyí," ni òbúkọ wí. "Ẹ mú ẹni tí òun náà ń bá gbé yàrá kan náà wá."

Ẹ̀yin ará, ta ni mo rí? Ìyá Dérera, ìyàwó mi, tòun ti ìró tó fi ń dáná. Ó di páálí mú mọ́ àyà.

"Bàbá Dérera, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Kò le. Èyí tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ìlá."

Kí ló sọ lọ́jọ́ náà? Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nínú redíò ọkọ̀ nìkan ni mo rántí. Mo ní, "Àga!"

Òbúkọ na ọrùn, ó já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu mi, ó gbé e mì. Láti ìgbà náà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ohun tí mo jókòó lé mọ́.

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí mo máa ń sọ fún yín, tí ẹ máa ń ní ẹ ti gbọ́."

"Bàtà! Ìkòkò! Irin ìlọṣọ!"

Òbúkọ jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wo ẹsẹ̀ mi, n kò mọ ohun tí mo wọ̀ sí i.

Ìyàwó mi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Dérera, ẹ rò ó dáadáa. Èyí tí mo ń sọ nígbà tí mo bá dákẹ́."

Ara tún fu mí. Ó dá mi lójú pé Ládì ti fún obìnrin yìí ní rìbá. Mo rọra yí gba ẹ̀yìn rẹ̀, mo na ọrùn, mo yọjú wo páálí ọwọ́ rẹ̀. Funfun báláú. N kò rí ohunkóhun níbẹ̀.

"Tísà yọjú! Mo rí i!" Ṣíbí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ṣíbí tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ekaete yọ orí láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ká gèlè kúrò lójú, ó sì wo ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Àárẹ̀ ni, àbí, mà?"

"Àárẹ̀ ni, ọmọ mi." Ìyàwó mi yí páálí náà sí mi. Àárẹ̀ ló wà níbẹ̀, gàdàgbà gadagba, ìkọ̀wé ọwọ́ èmi fúnra mi.

Òbúkọ la ẹnu rẹ̀ gbàgà láti gba ìyókù. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi kó gbà mí, n kò rí orúkọ kankan tí mo lè pè é.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo dán ẹnu mi wò lábẹ́ aṣọ ìbora: àga, bàtà, ìkòkò, irin ìlọṣọ. Gbogbo wọn pé. Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti ilé ìdáná, ó ń sọ fún ọmọ wa pé, "Dérera, bá mi mú kiní yẹn wá lórí kiní."

Ọmọ náà kò béèrè nǹkan kan. Ó lọ, ó mú asẹ́ dé. Asẹ́ náà ni ìyá rẹ̀ fẹ́.

Mo yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti jí? Ẹ bá mi ti kiní yẹn."

Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo fèrèsé, mo wo kọ́bọ́ọ̀dù. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, Dérera ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo kàn gbọ́ pé nǹkan kan dún gbì lẹ́yìn mi ni. Ó dùn mí. Mo sì tún fura sí àwọn méjèèjì.

"Èwo ni kiní yẹn?" ni mo bi ìyàwó mi.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá Dérera," ló wí. "Ó ti bá mi tì í."