Omi Tí A Kì Í Dà Nù

Bí ọkùnrin kan bá sọ fún ọ pé ayé inú ọkọ̀ onígbòkun dùn, wo ojú ìyàwó rẹ̀ kí o tó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ní ìgbà òtútù ọdún 1986, nínú ilé Àlàájì Sàláhúdéènì ní Flossmoor, lẹ́bàá Chicago, kò sẹ́ni tó wo ojú Kàfáyàtù. Fọ́tò ni gbogbo wọn ń wò.

Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ ló kó fọ́tò náà wá. Òkun tó mọ́ gaara rèé, iyanrìn funfun rèé, ìgbòkun tí atẹ́gùn fẹ́ rèé, Kàfáyàtù fúnra rẹ̀ rèé tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà ńlá. Ọdún méjì ni tọkọtaya náà fi ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn ní Bàhámà, lẹ́yìn tí Tàjùdéèn fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀, tó ta ilé wọn ní Chatham, tó sì fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀. Nígbà tó yá ni Kàfáyàtù wọ bàálù padà sí Chicago pé òun fẹ́ tọ́jú àbúrò òun tó bímọ ní Matteson. Ọmọ gba orúkọ, ìyá ọmọ padà síbi iṣẹ́, Kàfáyàtù ò gbéra. Ni ọkọ rẹ̀ bá so ọkọ̀ mọ́ èbúté ní Florida, ó wá a wá, ó gba ilé àwọn àna rẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀.

Àlàájì yìí, àbúrò bàbá Kàfáyàtù, ló dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, abẹ gé ni. Tó bá ní kí Kàfáyàtù padà sínú ọkọ̀, ó di dandan kó padà, àfi tó bá fẹ́ dójú ti gbogbo ìdílé.

"Kàfáyàtù," ni Àlàájì wí, "ṣé ó ń nà ẹ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé girlfriend ló ní?"

"Lórí omi, Bàbá? Rárá o."

"Ṣé kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi."

Àdùfẹ́, ìyàwó Àlàájì, pàtẹ́wọ́. "So what is it? Èmi rèé tí mò ń ṣe double shift ní hospital, tí mò ń ha snow kúrò lára mọ́tò láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó ń gbé inú vacation ló wá ń sunkún!"

"Ó ń rí mi lára ni, Màmá."

"Kí ló ń rí ẹ lára?"

"Ọkọ̀ yẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tàjùdéèn gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Kàfáyàtù pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó wo ilẹ̀. Bó bá lè sọ ọ́! Ilé ìyàgbẹ́ inú ọkọ̀ náà kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ẹni tó bá ti ṣe tán yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pọ́ǹpù gbogbo rẹ̀ sínú òkun, yóò sì tún bá a pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Aáyán ń sùn nínú gààrí. Búrẹ́dì a bu, bàtà a bu, ìborùn tó fi ń kírun pàápàá bu. Lábẹ́ pákó tí wọ́n ń tẹ̀, omi dúdú kan wà níbẹ̀, àdàpọ̀ epo ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀jẹ̀ ẹja, tí oòrùn ọ̀sán máa ń sè bí ọbẹ̀. Omi mímu wá di ohun ọ̀wọ́n, Tàjùdéèn ò sì gbà kí wọ́n da ẹ̀kán kan nù. Èyí tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ni wọ́n fi ń fọ abọ́. Èyí tí wọ́n fi fọ abọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn lè máa jẹun lọ́wọ́.

Ẹnu wo wá ni ọmọ tí wọ́n kọ́ yóò fi máa ka ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ sílẹ̀ níwájú àbúrò bàbá rẹ̀?

Tàjùdéèn dìde, ó ní òun ni òun máa dáná fún wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè tọ́ oúnjẹ inú ọkọ̀ wò. Àkókò ìrun Àílà tó, Àlàájì ò sì lè gbé ẹsẹ̀ sókè sínú báàfù nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Tàjùdéèn sáré gbé búta àti bàsíà kan wá, ó kúnlẹ̀, ó ń rọ omi fún un bí àna rere. Àlàájì fi omi ṣan ẹnu, ó fọnmú, ó fọ ojú àti apá, ó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti wọ̀ láti àná, ó fọ ẹsẹ̀. Inú bàsíà ni gbogbo omi náà dà sí.

Láti ibi tí Kàfáyàtù jókòó sí, ó ń rí inú kíṣìnnì. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàsíà náà kọjá, jẹ́jẹ́, kí ó má baà ta sílẹ̀. Ó rí i tó dé ibi tí wọ́n ń da omi sí, tó sì kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró omi nínú ìkòkò.

Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó yẹ kó pariwo, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àmọ́ ó wo Àlàájì tó ti dojú kọ gábàsì lórí ẹní, ó rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín, inú bí i, ó gbé e mì. Ṣebí wọ́n ní kí òun sọ ohun tó ń rí òun lára. Ó dáa, kí wọ́n fẹnu ara wọn tọ́ ọ wò.

Oúnjẹ dé, ìrẹsì tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹja. Àlàájì jẹ, ó fọwọ́ gbá ikùn. Àdùfẹ́ ní kí wọ́n bu díẹ̀ kún tòun.

"Ọkọ tó ń dáná báyìí!" ni Àlàájì wí. "Kàfáyàtù, ọ̀rọ̀ ti parí. Next Saturday, wàá bá ọkọ ẹ padà sí Florida, ẹ máa lọ sínú ọkọ̀ yín. I don't want to hear anything again."

Kàfáyàtù kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, omi wo lẹ fi se ìrẹsì yìí?"

Ká má purọ́ mọ́ ọn, Tàjùdéèn kì í ṣe òpùrọ́. Ojú rẹ̀ tiẹ̀ tàn. "Omi àlùwàlá Bàbá ni! A whole bowl of good water! Ẹ̀yin ará Chicago, ẹ kàn máa ń ṣí tap sílẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í da omi nù. Omi àlùwàlá kì í sì í ṣe ẹ̀gbin, Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo boil ẹ̀ dáadáa."

Àlàájì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, èékánná àtàǹpàkò tó ti nípọn, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí dókítà ń fún un ní ìpara sí láti ọjọ́ pípẹ́. Àdùfẹ́ náà wò ó. Òun ló mọ ẹsẹ̀ yẹn jù láyé. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré gba kíṣìnnì lọ. Àlàájì gbàgbé orúnkún, ó sáré gba báàfù lọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bì, Tàjùdéèn jókòó, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe. "Ṣebí mo ní mo boil ẹ̀."

Àlàájì jáde, omi lójú, itọ́ nírùngbọ̀n. "Kàfáyàtù ò lọ síbì kankan. Matteson ló máa wà. Ìwọ Tàjùdéèn, go and sell that thing. Tí o bá tà á tán, wá bá mi."

Ohun tí Kàfáyàtù tìtorí ẹ̀ wọ bàálù nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀.

Àdùfẹ́ padà wá kó abọ́, ó ń fi ìka méjì péré gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Ìrẹsì kù nínú abọ́ Àlàájì, ó kù nínú tirẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Kàfáyàtù, ó dúró. Abọ́ náà mọ́ féfé, kò ku hóró kan, egungun ẹja nìkan ló wà létí rẹ̀.

"Kàfáyàtù," ni ó wí wẹ́rẹ́, "ṣé o rí i nígbà tó ń gbé omi yẹn wọlé?"

Kàfáyàtù fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"You knew? O mọ̀, o sì jẹ ẹ́ tán?"

Kàfáyàtù wo abọ́ náà. Ó ti ní òun kàn máa fi ṣíbí rò ó kiri ni. Kò rántí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sẹ́nu. Ó dìde gìrì, ó lọ sí kíṣìnnì, ó ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó jáde. Ìrẹsì náà jókòó jẹ́jẹ́ sí ikùn rẹ̀, ó sì ti dùn mọ́ ọn.