Ọ̀nà Tí Marlys Là Sórí Adágún

Ẹni tí kò lànà rí ló máa ń mọ ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi Marlys Ylitalo ní àríwá Minnesota lásìkò òtútù, nígbà tí adágún bá ti dì gbagidi, tí àwọn apẹja sì fẹ́ wa mọ́tò dé ẹnu ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín láti fi pẹja, bí ẹni ń lọ sí yàrá. Marlys ló ń lànà fún wọn. Òun ló ń lu yìnyín ní ihò láràárọ̀ kó lè mọ bó ṣe nípọn tó. Òun ló ń gbá ìrì dídì lọ jìnnà réré, nítorí bó bá kó o jọ gègèrè sẹ́bàá ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ á tẹ yìnyín rì, omi á sì yọ. Níbi tí yìnyín bá ti là, òun náà ló ń fi katakata wọ́ afárá irin lé e. Iṣẹ́ tàwọn tó kù ni kí wọ́n jókòó ti kọfí, kí wọ́n máa ṣàlàyé ibi tó ti ṣìṣe. Ọlọ́run á kúkú san án fún wọn.

Olórí wọn ni Arvid, bàbá tó bí i.

"Ṣé ọ̀nà nìyí àbí okùn bàtà? Láyé tiwa, a kì í lo afárá. Eré la fi ń fò ó."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mọ́tò yín tó wà nísàlẹ̀ omi ní kí n bá òun kí yín."

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n Marlys ń bọ̀ wá mú bàbá lọ sí Arizona pátápátá, níbi tí yìnyín kò sí àfi nínú ife. Kó tó lọ, ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kó ju ìwọ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́bàá Àpáta Oníwàásù tó yọrí láàrin adágún, níbi tóun àti Inez ìyàwó rẹ̀ ti máa ń jókòó láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Inez ti kú kí òtútù tó wọlé. Arvid kò bẹ ọmọ rẹ̀. Ta ló fẹ́ bẹ̀? Ó kàn ní ọ̀nà rẹ̀ kò lè débẹ̀ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni Marlys ti ń lànà tọ àpáta náà lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbéra. Marlys rọra ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí eré máa ń ru omi sókè lábẹ́ yìnyín, á sì fọ́ ọ. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, wọn ò de bẹ́líìtì, kí ẹni tó bá rì lè tètè jáde.

"Òtútù yìí á pa mí kómi tó rí mi," ni Arvid wí.

"Kò lè pa yín. Ẹnu yín gbóná tó."

Wọ́n dé ibi afárá. Àpáta rèé lọ́ọ̀ọ́kán! Lẹ́yìn wọn ni Denny Brusven, apẹja kan tó so ahéré pákó tó fi ń jókòó pẹja mọ́ ìdí ọkọ̀, tó ń fun fèrè bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Marlys sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin gún yìnyín ní ẹsẹ̀ afárá. Irin wọlé ṣinrin. Omi rú jáde, ó ń lá bàtà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òru àná ti fọ́ yìnyín ibẹ̀. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an.

"Ọ̀nà ti tì, Denny."

"Ó tì kẹ̀? Àná ni mo gba ibí kọjá! Bàbá, ẹ bá wa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú fẹ́ kọjá."

Lórí adágún yẹn, igi Kérésìmesì tí wọ́n ti lò tán ni wọ́n ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó lè hàn. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹni tó là á á fa igi kan tu, á fi dábùú rẹ̀. Ẹni tó bá gorí igi yẹn kọjá, bó bá rì, kò sẹ́ni tó máa yọ mọ́tò rẹ̀ fún un. Marlys di igi mú, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ṣé kò lè dọ́gbọ́n gbé bàbá nìkan kọjá? Ẹ̀ẹ̀kan péré! Òmùwẹ̀ ní í kúkú bómi lọ.

Arvid ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gba irin lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí àgbà wò ó."

Ó gún un. Irin wọlé. Ó wo omi náà títí, ó wá gbójú sókè wo àpáta.

"Ẹ jẹ́ ká sáré fò ó bíi tayé yín, Bàbá," ni Denny wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Arvid mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lára igi, ó fa igi náà tu, ó sì tẹ́ ẹ dábùú ọ̀nà.

"Ṣé etí rẹ di ni, Denny? Ẹni tó ni ọ̀nà ní ó ti tì."

"Ṣùgbọ́n ọ̀tunla lẹ̀ ń lọ!"

"Mo mọ ọjọ́ tí mò ń lọ. Yí ahéré rẹ padà."

Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó kọjú sí àpáta. Marlys jókòó, ó ń dúró de èébú: ọ̀nà tó wọ́, afárá tí kò wúlò, gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ìyá rẹ ì bá fẹ́ràn ọ̀nà yìí," ni Arvid wí. "Máa wà á, ká lọ sílé."

Ẹkún gbọ̀n Marlys. Ká ní bàbá rẹ̀ bú u ni, ì bá rí i fara dà.