Koríko Tó Kọjá Igi Àgbọn

"Wọ́n ní koríko ìyá yẹn..."

"Ìyá wo?"

"Ìyá Àríkẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní koríko ọba ẹ̀yìnkùlé wọn máa ń... ẹ jẹ́ kí n pọn omi mi o, ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ."

"Ó máa ń ṣe kí ni? Ọmọ́wùmí, parí ọ̀rọ̀ rẹ jàre!"

"Ó máa ń rìn. Á gbéra díẹ̀, á tún dúró, tó bá di ọdún kejì... Ẹ lọ wo ibi tó wà báyìí. Ṣé ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ?"

"Haa! Abájọ tí ojú ìyá náà fi fọ́ kí wọ́n tó kú. Ẹni tó bá ń fi oògùn lé ààlà ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀..."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi. Ọmọ́wùmí fa okùn kànga bí ẹni pé ẹja ló fẹ́ gbé nínú rẹ̀. "Kíkẹ́lọmọ, o ò ti ẹ̀ kí wa? Ó dára, sún mọ́bí kí n bá ọ pọn tìrẹ."

Mo kí wọn, mo gba omi, mo rù ú. Láti ibi kànga dé ilé wa ní Ìbà kò jìnnà, ṣùgbọ́n omi náà ti dà sí mi lára tó ìdajì kí n tó délé. Kò sí koríko tó ń rìn. Èmi ni mo ń gbé e rìn.

Ẹ̀yìnkùlé wa àti ti Ìyá Dáúdà ló fara kan ara wọn. Sìkírátù lorúkọ Ìyá Dáúdà, opó ni wọ́n. Ògiri kò sí láàárín ilé méjèèjì. Koríko ọba ni ààlà, ìdí méjìlá lórí ìlà kan. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, Àríkẹ́ lorúkọ wọn, ló gbìn ín nígbà tí bàbá ọkọ Ìyá Dáúdà ṣì wà láyé, àwọn méjèèjì sì jọ fa okùn sí i. Wọ́n ní ejò kì í fẹ́ gba ibi tí òórùn rẹ̀ bá wà. Ẹni tí ibà bá ń ṣe ní àdúgbò, ẹ̀yìnkùlé wa náà ló ń wá já ewé sí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́ ìbáà jẹ́ ìmàle.

Ní ọdún 1951, nígbà tí ojú Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. "Koríko yìí kì í so, kì í hù láti ara irúgbìn," ni wọ́n wí. "Ọmọ rẹ̀ là ń yà. Tí àárín ìdí rẹ̀ bá ti gbẹ, tó wá dà bí orí bàbá Àkànbí, tí èyí tó kù ní ẹ̀gbẹ́ sì dà bí irun, ó tó àkókò nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá Àkànbí ni àgbà àdúgbò wa, orí wọn sì ń dán nítòótọ́.

Wọ́n kọ́ mi pé kí n dúró de òjò àkọ́rọ̀. Kí n gé ewé náà kù sí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kí n wú ìdí rẹ̀ lódindi, kí n fi ọwọ́ ya á, mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kí n má fi àdá gé e nítorí àdá máa ń pa ojú gbòǹgbò. Kí n ju àárín tó ti kú nù, kí n gbẹ́ ojú ihò àtijọ́ dáadáa, kí n da eérú sí i, kí n sì dá ọmọ rẹ̀ padà síbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, àfi ẹyọ kan. Ojú ihò àtijọ́ le bí òkúta. Gbòǹgbò tó ti kú dì mọ́ra wọn níbẹ̀, ikán sì ti mọlé sínú wọn. Mo kọ ọkọ́ lù ú títí ọwọ́ mi fi bó, ìdí kan ṣoṣo ni mo rí gbẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìṣísẹ̀ kan péré síwájú, Ìyá Dáúdà ti kọ ebè ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní kí ni ìṣísẹ̀ kan jẹ́. Mo gbìn ín síbẹ̀, ní ìlà tó gún régé. Kí òṣù kan tó pé ó ti yọ ewé tútù, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ tutù, Kíkẹ́. Koríko mọ̀ ọ́."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àti ọdún kẹta.

Ọdún kẹrin ló kọjá igi àgbọn.

Igi àgbọn yẹn kì í ṣe igi lásán. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ Dáúdà sí nígbà tí wọ́n bí i. Dáúdà ti bá ọkọ̀ òkun lọ láti èbúté Èkó, ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti gbúròó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á wo òkè igi náà, wọ́n á ní, "Ó ń so. Ọmọ mi wà láyé." Wọ́n á wá yí sí ojú fèrèsé wa, wọ́n á kí Ìyá Àgbà káàárọ̀, kí wọ́n tó gbé igbá lọ sí Okokomáíkò lọ tajà.

Lọ́jọ́ tí mo gbìn ín tán ní ọdún kẹrin yẹn, Ìyá Dáúdà dé láti ọjà. Wọ́n dúró. Wọ́n wo igi, wọ́n wo koríko, wọ́n wo èmi.

"Kíkẹ́, ta ló ní kí o gbìn ín síbí?"

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ká ní mo dákẹ́, ká ní mo sá wọlé, ó sàn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá Àgbà ni, mà."

Ojú wọn fà ro. "Ìyá fúnra wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò burú," ni Ìyá Dáúdà wí. "Bí ìyá bá sọ pé ibí ni ààlà, a jẹ́ pé ibí ni. Ta ni èmi tí màá bá wọn fà á." Wọ́n gbé igbá wọn wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún kí Ìyá Àgbà káàárọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn.

Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́ pátápátá nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò fọ́. Ìgbà òjò àrọ̀kúrò ni wọ́n dá jáde lọ já ewé fúnra wọn, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa ń rìn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà wọ́n ka ogún kí ọwọ́ wọn tó ba koríko. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n wá ara igi àgbọn rí lẹ́yìn wọn. Wọ́n pè mí, wọ́n sì sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe, pé kí n dá a padà. Wọn kò pariwo mọ́ mi.

Mo jẹ́ hẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá hú u, Ìyá Dáúdà á bi mí pé kí ló dé, kí sì ni màá wí? Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, òjò dá, ilẹ̀ gan. Ọyẹ́ mú, Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn. Lórí ẹní ni wọ́n ti bi mí léèrè, "Kíkẹ́, ṣé o ti ṣe é?"

Mo ní, "Mo ti ṣe é, Ìyá Àgbà."

Ewé koríko kan náà ni mo ń sè fún wọn mu lójoojúmọ́ títí wọ́n fi kú. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá yẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Bùrọ̀dá Adélékè, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, dé láti Èkó. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé onípáànù sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ dé ibi koríko, wọ́n ní igi àgbọn yẹn wà nínú ilẹ̀ wa, gígé ni. Wọ́n háyà ọkùnrin kan tó ní àáké. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní kànga náà ni ọkùnrin aláàáké dé.

Bí mo ti sọ omi kalẹ̀, àwọn èèyàn ti wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá Dáúdà jókòó sí ìdí igi wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Bàbá Àkànbí, bàbá sì ti dé, wọ́n jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Ẹ dìde níbẹ̀, Ìyá Dáúdà," ni Bùrọ̀dá Adélékè wí. "Mi ò bá yín jà. Ojú ààlà ló ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá yín du ilẹ̀. Ẹ mú ilẹ̀. Igi yìí ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí ọmọ mi á fi dé."

"Àárín pálọ̀ mi ni igi á wá wà? Ṣé ọ̀bọ ni mí ni?"

Ọkùnrin aláàáké rẹ́rìn-ín. Bàbá Àkànbí wò ó, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

"Adélékè," ni bàbá wí, "nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, igi yìí kò sí nínú ilẹ̀ yín. Ojú mi kò tíì fọ́."

"Bàbá, Màámi ló tún ààlà ṣe. Ẹ bi Ìyá Dáúdà bóyá wọ́n bá Màámi jà nígbà náà."

Gbogbo wa wo Ìyá Dáúdà. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n purọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan rí, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, n kò sì ní sọ̀rọ̀.

"Mi ò lè purọ́ mọ́ òkú," ni Ìyá Dáúdà wí. "Wọ́n sọ fún mi pé ìyá ló ní kí wọ́n gbìn ín síbí. Mo gbà fún wọn nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé gígé ló máa já sí."

"Ó tán!" Bùrọ̀dá Adélékè pàtẹ́wọ́. "Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni, mú àáké rẹ."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá yẹn burú o, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jí ilẹ̀." Mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo wẹ òkú wọn.

Ọkùnrin náà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Dáúdà kò dìde. Wọ́n kàn fi ọwọ́ gbá igi náà mọ́ra, wọ́n pa ojú dé.

"Kì í ṣe Ìyá Àgbà," ni mo wí.

Ohùn mi kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Àkànbí, mo tún un wí. "Bàbá, kì í ṣe Ìyá Àgbà. Èmi ni. Ilẹ̀ wa le, ilẹ̀ Ìyá Dáúdà rọ̀, mo sì ń gbìn ín síwájú lọ́dọọdún. Irọ́ ni mo pa fún Ìyá Dáúdà. Nígbà tí Ìyá Àgbà mọ̀, wọ́n ní kí n dá a padà, mi ò dá a padà. Mo tún sọ fún wọn pé mo ti ṣe é."

"Kíkẹ́!" Bùrọ̀dá Adélékè na ìka sí mi. "Ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀? O mọ ohun tí ò ń sọ nù lẹ́nu báyìí?"

"Jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀," ni Bàbá Àkànbí wí. Aláàáké ti gbé irin rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá Dáúdà la ojú, wọ́n ń wò mí, n kò sì lè wo ojú wọn padà.

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí odó. "Àríkẹ́ kò sí níbí láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Má fi tìrẹ kún un, má sì yọ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó mọ̀, báwo ló ṣe wí?"

Mo gbé ojú mi sókè, mo sì sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi:

"Wọ́n ní, 'Kíkẹ́, ilẹ̀ Sìkírátù lo gbìn ín sí yìí. Hú u, kí o dá a padà sójú ibi tó wà, kí òjò tó dá. Ẹni tó ń kí mi káàárọ̀ lójoojúmọ́, n kò fẹ́ kó jẹ́ olè ló ń kí.'"